Ọ́síjìn Nínú Àgbàlá Eléèédú

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ti lù ní Mọdákẹ́kẹ́. Oyèlárán, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, tó ti gba oyè méjì ní yunifásítì tí kò sì tíì rí èyí tó máa fi jẹun nínú wọn, dúró sí àgbàlá onílé rẹ̀ pẹ̀lú táì lọ́rùn, kádíbọ́ọ̀dù lábíyá, àbẹ́là kan lọ́wọ́. Ìyá Sùmáyà, onílé náà, jókòó sórí àpótí, ó ń ṣa èédú sínú àpò. Àpò bíi ogójì ti wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe ọmọ ọdún mẹ́rin."

Ìyá Sùmáyà kò gbójú sókè. "Títí di ìgbà wo?"

"Ogún ìṣẹ́jú péré."

"Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí, Oyèlárán. Ṣé o mọ iye ọdún tí mo máa jù nù lọ́nà kí n tó débẹ̀?"

"Íńtáfíù mi ni, Màmá. Aago mẹ́wàá, ní ilé-ìwé násìrì kan ní àdúgbò Mayfair. Wọ́n ní kí n wá ṣàlàyé ọ́síjìn fún àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin, kí n sì sọ ohun tó ń ṣe fún wọn lára. Ẹ sì mọ̀ pé ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé."

"Mo mọ̀. Níbi àkọ́kọ́, oorun ló gbé àwọn ọmọ lọ."

"Kì í ṣe gbogbo wọn ló sùn, Màmá."

"Òótọ́ ni. O ní àwọn tí kò sùn ń sunkún. Níbi ẹlẹ́ẹ̀kejì ńkọ́? Ọmọ mọ́kànlá ló ní àwọn fẹ́ tọ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

"Wọ́n ti mu omi jù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni."

"Ìwọ ni wọ́n mu jù. Gbọ́ mi, mo ti tọ́ ọmọ mẹ́fà. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ bá dùn mọ́ kì í rántí ìtọ̀. Bí ọmọ bá ti ní òun fẹ́ tọ̀, ó ti fi ọ̀wọ̀ sọ fún ọ pé o ti sú òun."

Ọ̀rọ̀ náà dun Oyèlárán, nítorí òótọ́ ni. Bàbá rẹ̀ ti pè é lánàá láti oko wọn ní Gáréèjì Ọlọ́dẹ: bí ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí bá tún yẹ̀, kí ó gbé ẹrù rẹ̀ kó máa bọ̀ lóko, kòkó kì í béèrè sátífíkéètì lọ́wọ́ èèyàn. Oyèlárán ti di ẹrù rẹ̀ sínú báàgì kan, ó ti gbé e sẹ́nu ọ̀nà yàrá. Iṣẹ́ tíṣà ló wù ú láti kékeré, kò sì wù ú láti lọ.

Ìyá Sùmáyà wo báàgì yẹn, ó wo ojú ayálégbé rẹ̀. Ó fi èédú sílẹ̀, ó ṣí gèlè lórí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó sì fi àtàǹpàkò bọ ẹnu bí ọmọdé. Èédú wà lára àtàǹpàkò náà. Ó tu itọ́ dúdú.

"Bísímílàhi. Mo ti di ọmọ ọdún mẹ́rin. Kọ́ mi kí n mọ̀ ọ́n."

Oyèlárán tún táì rẹ̀ ṣe, ó wúkọ́ díẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ!"

"Ẹ káàárọ̀, Àǹkù! Mo fẹ́ tọ̀."

"Màmá! Mi ò tíì sọ nǹkan kan!"

"Èmi kọ́. Ọmọ náà ni. Ó ti wo ojú rẹ."

Oyèlárán mí kanlẹ̀. Ó na kádíbọ́ọ̀dù sókè. Ó ti fi máákà kọ ọ̀rọ̀ kún inú rẹ̀ dé etí. "Ọ́síjìn ni afẹ́fẹ́ kan tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí kò sì ní adùn."

"Kí ló wá ní?"

"Ó ní... ó ní ìwúlò."

"Ó jọ ẹnì kan tí mo mọ̀. Kò níṣẹ́, kò láya, kò ní mọ́tò, ṣùgbọ́n ó ní oyè méjì."

"Ọmọ ọdún mẹ́rin kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, Màmá."

"O ò tíì pàdé àwọn ọmọ Mayfair."

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Bí a bá pín afẹ́fẹ́ sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, mọ́kànlélógún nínú rẹ̀ ni ọ́síjìn."

"Àǹkù, ṣé ọgọ́rùn-ún ju méje lọ?"

"Ó jù ú lọ."

"Ṣé ó ju mẹ́jọ lọ?"

"Ó jù ú lọ."

"Ṣé ó ju—"

"Ó ju gbogbo rẹ̀ lọ!"

"Ó dáa. Ọ́síjìn yẹn, níbo ló wà?"

"Ibi gbogbo. Ó wà níwájú yín báyìí."

Ìyá Sùmáyà wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó gbé àpò èédú kan sókè, ó wo abẹ́ rẹ̀. "Mi ò rí i."

"Kò ṣeé rí."

"Ta ló wá kà á tó fi pé mọ́kànlélógún?"

Oyèlárán yẹ ẹ̀yìn kádíbọ́ọ̀dù wò. Ọdún méje ló lò ní yunifásítì, kò sí olùkọ́ kan tó bi í ní ìbéèrè yìí. "Àwọn ọ̀mọ̀wé ló kà á."

"Àwọn náà rí i?"

"Rárá."

"Wọ́n kú iṣẹ́ o. Bí èmi náà bá ń ka èédú báyìí fún oníbàárà, ẹnu ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n á ti bá mi."

Adìyẹ kan kọjá. Ìyá Sùmáyà dìde, ó sáré tẹ̀ lé adìyẹ náà, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọdún mẹ́rin tí kò nífẹ̀ẹ́ sí afẹ́fẹ́. Oyèlárán pè é lẹ́ẹ̀kan, kò dáhùn. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì. Inú bí tíṣà.

"Jókòó síbẹ̀ jàre!"

Ìyá Sùmáyà dúró gbọn-in. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta tó jù sílẹ̀ lọ́nà padà sójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ta lò ń bá wí?"

Oyèlárán ti wà nílẹ̀ kí ìbéèrè náà tó parí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, táì rẹ̀ wọ inú eruku èédú. "Ọmọ ọdún mẹ́rin ni, Màmá! Kì í ṣe ẹ̀yin!"

"Ọmọ ọdún mẹ́rin wo ló wà níbí lẹ́yìn ẹni tó bí Sùmáyà?"

"Ẹ máà bínú, Màmá. Iṣẹ́ ló kó sí mi lórí."

"Dìde. Bí ọmọ wọn bá ranjú mọ́ ọ ní Mayfair, ṣé wàá dọ̀bálẹ̀ fún òun náà?" Ó padà jókòó, ó na ẹsẹ̀. "Ó yá, mo tún ti kéré. Mo fẹ́ tọ̀."

"Àbẹ́là! Ẹ wò ó, ẹ̀yin ọmọ, mo gbé àbẹ́là wá!" Oyèlárán gbọn táì, dúdú náà tàn kálẹ̀ sí i. Ó ṣá ìṣáná. "Iná kò lè jó láìsí afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ ló ń jẹ́ kí iná—"

Afẹ́fẹ́ fẹ́. Iná kú.

Ó tún un ṣá. Afẹ́fẹ́ tún fẹ́. Iná tún kú.

"Àǹkù," ni Ìyá Sùmáyà wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òrí, "ṣé afẹ́fẹ́ tí kò jẹ́ kí iná kú náà ló ń pa á yìí, àbí àbúrò rẹ̀ ni?"

"Ìyẹn yàtọ̀! Ó... ó pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan ni."

"Háà. Ó ń jẹ́ kó jó, ó ń pa á. Ó wà, a ò rí i. Wọ́n kà á, wọn ò rí i. Àǹkù, ṣé ó dá ẹ lójú pé kì í ṣe iwin lò ń kọ́ wa?"

Oyèlárán gbé àbẹ́là sáàárín àpò èédú méjì, ó tàn án, ó jó. Ife dígí tó fẹ́ fi bò ó ti fọ́ lánàá, nítorí náà ife oníke ló mú, ó fi bo iná náà pẹ̀lú ìgboyà. "Ẹ máa wò ó. Ọ́síjìn inú ife máa tán, iná á sì kú."

Wọ́n wò ó. Ìdí ife náà bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ sínú. Ó lu. Òórùn ike tó ń jó gba àgbàlá, iná yọrí síta láàyè, ara rẹ̀ le koko.

"Àǹkù sun ife," ni Ìyá Sùmáyà wí. "Bí màmá mi bá bi mí pé kí ni wọ́n kọ́ ọ lónìí, ohun tí mo máa sọ nìyẹn."

Ó fi ẹsẹ̀ tẹ iná náà pa. Àánú Oyèlárán ṣe é díẹ̀, ó sì bi í ní ìbéèrè gidi kan, bí ọmọdé ṣe máa ń béèrè. "Bí gbogbo wa bá ń mí in, ìwọ, èmi, adìyẹ, ará Ìlódè, ará Mayfair, ṣé kò ní tán?"

Ojú Oyèlárán tàn. Ìbéèrè yìí wà lórí kádíbọ́ọ̀dù. "Ìbéèrè tó dára gan-an! Kò ní tán, nítorí igi ń ṣe òmíràn fún wa. Ewé igi ń fa èyí tí a mí síta sínú, ó sì ń dá ọ́síjìn padà fún wa. Igi ni ọ̀rẹ́ wa! Ìdí nìyí tí àwọn ẹni burúkú tó ń gé igi, tí wọ́n ń sun ún, tí wọ́n ń sọ ọ́ di èéd—"

Ẹyin lohùn. Ó ti balẹ̀, ó ti fọ́. Ogójì àpò èédú wà níwájú Oyèlárán, olúwa wọn sì jókòó síwájú wọn pẹ̀lú ẹsẹ̀ nínà.

"Máa bá a lọ, Àǹkù," ni Ìyá Sùmáyà wí, pẹ̀lú ohùn ọmọdé tín-ín-rín. "Wọ́n ń sọ ọ́ di kí ni?"

"Màmá..."

"Màmá kò sí nílé. Ọmọdé ni mí. Àwọn ẹni burúkú yẹn, níbo ni wọ́n ń gbé? Ṣé wọ́n máa ń gba ayálégbé?"

"Ìlú òkèèrè ni wọ́n wà, Màmá. Ó jìnnà gan-an."

"Kí lorúkọ wọn?"

"Mi ò mọ̀ wọ́n."

"Èmi mọ ọ̀kan." Ohùn ọmọdé náà ti lọ. "Igi ayín ló wà nínú àwọn àpò yìí. Oko ta ló ti wá?"

"Mi ò mọ̀, Màmá."

"Gáréèjì Ọlọ́dẹ ni. Bàbá rẹ ló gé e, kó lè ráyè gbin kòkó tuntun. Àbí báwo lo ṣe rò pé o ṣe dé ilé mi? Orí ọkọ̀ igi lo jókòó sí wá síbí lọ́jọ́ tí o wọ yunifásítì, ìwọ àti báàgì yẹn náà. Èédú ẹni burúkú lo ti fi ń se ẹ̀wà láti ọjọ́ yẹn."

Oyèlárán jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò tilẹ̀ wo ibi tó jókòó sí. Ojú tì í, ó sì ti rí ara rẹ̀ lóko pẹ̀lú àdá lọ́wọ́.

"Ẹ jẹ́ kí n pe ilé-ìwé náà, Màmá, kí n ní mi ò wá mọ́. Tí mi ò bá lè ṣàlàyé fún àgbàlagbà kan, báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe é fún ogún ọmọ?"

"Àgbàlagbà kan tó ń tẹ́ḿbẹ́lú rẹ, o gbàgbé ìyẹn. Gbé fóònù sílẹ̀." Ìyá Sùmáyà mú èédú kan, ó gbé e síwájú imú Oyèlárán. "Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe eléyìí?"

"Ẹ ń sun igi."

"Bí mo bá sun igi, kí ni mo máa kó nílẹ̀?"

"Eérú."

"Ṣé eérú rèé?"

"Èédú ni."

"Kí ló dé tí kò di eérú, Ọ̀jọ̀gbọ́n?"

Oyèlárán rò ó. "Ẹ máa ń kó igi jọ, ẹ ó fi ewé tútù àti yẹ̀pẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀."

"Nítorí kí ni? Nítorí òtútù ń mú igi?"

"Nítorí kí afẹ́fẹ́ má baà..." Ẹnu rẹ̀ dúró ní lílà. "Kí iná má baà rí afẹ́fẹ́ mí!"

"Àlùhàmùdùlílàhi, ó ti yé ọ̀mọ̀wé! Ọdún márùndínlógójì ni mo ti ń dọ́gbọ́n sí èémí iná. Bí mo bá fún un jù, ó jẹ igi mi run. Bí mi ò bá fún un rárá, ó kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ihò wẹ́wẹ́ ni mo máa ń dá sí ìdí òkìtì náà, màá máa ṣí i, màá máa dí i, bí mo ṣe ń wo èéfín. Ìwọ wá gbé àbẹ́là kan dé, pẹ̀lú ike, o ní o fẹ́ kọ́ mi ní ohun tí iná ń mí. O ṣeun, ọmọ Bàbá Oyèlárán."

"Màmá, ẹ ṣe wá ń dá mi lóró látàárọ̀ nígbà tí ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ìwọ lo mọ orúkọ, èmi ni mo mọ ìwà rẹ̀. Mú ọwọ́ mi. Ó tutù ni, àbí ó gbóná?"

"Ó gbóná."

"Ta ló dáná sí i?"

Oyèlárán di ọwọ́ líle náà mú. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ó dìde, ó wo kádíbọ́ọ̀dù rẹ̀, ó yí i dojú délẹ̀, ó sì jókòó lé e lórí níwájú onílé rẹ̀, kí ojú àwọn méjèèjì lè dọ́gba.

"Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi ọwọ́ di imú yín. Ẹ pa ẹnu dé. Ó tó, ẹ má ṣí i. Ẹ má ṣí i. Ojú yín ti ń jáde. Ẹ tú u sílẹ̀!"

"Hààà!" ni Ìyá Sùmáyà mí.

"Kí lẹ wá sáré mu tó bẹ́ẹ̀ yẹn?"

"Afẹ́fẹ́!"

"Nǹkan kan wà nínú afẹ́fẹ́ yẹn tí ara yín ń wá. Ọ́síjìn lorúkọ rẹ̀. Ẹ ò rí i, ṣùgbọ́n ẹ ti mọ̀ bó ṣe ń rí nígbà tí kò bá sí."

Ìyá Sùmáyà gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé ti òsì. Oyèlárán rò pé ó ń ronú ìwọ̀sí tó kàn ni, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

"Ẹ fọwọ́ kan ọrùn ara yín. Ó gbóná, àbí? Iná kékeré kan wà nínú yín tí kò ní èéfín. Oúnjẹ tí ẹ jẹ láàárọ̀ ni igi rẹ̀. Èémí tí ẹ ń fà ni kò jẹ́ kó kú. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e káàkiri, dé orí ìka ẹsẹ̀, dé inú ọpọlọ. Bí ẹ bá sáré, iná náà á fẹ́ èémí sí i, ìyẹn lẹ fi ń mí hẹlẹhẹlẹ."

"Bí mo bá sùn ńkọ́, Àǹkù?"

"Ẹ ò ní gbàgbé láti mí. Ara yín ń ṣọ́ iná náà fún yín. Ṣùgbọ́n a kì í fi ọ̀rá bo orí ṣeré. A kì í sá pamọ́ sínú fíríìjì. A kì í sì gbé èédú tó ń jó wọ yàrá tí wọ́n ti pa fèrèsé rẹ̀ dé, nítorí yóò bá wa du èémí, èéfín rẹ̀ tí a kò rí á sì pa wá."

"Òótọ́ ni," ni Ìyá Sùmáyà wí. Ó ti fún ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ báyìí. Ó ń mi síwá, ó ń mi sẹ́yìn, òógùn ti yọ lókè ètè rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ igi ló kù, Oyèlárán sì mọ ẹni tó jókòó síwájú òun. Ó rọra gbé ẹsẹ̀ síbẹ̀. "Igi ń bá wa ṣe pàṣípààrọ̀. Ó ń gba èyí tí a mí síta, ó ń fún wa ní tuntun. Nítorí náà... ẹni tó bá gé ọ̀kan, ẹni tó dára náà ni o... kó gbin méjì."

Ìyá Sùmáyà bu ètè jẹ.

"Màmá, ṣé mo tún ti ṣì í sọ?"

"Má dá a dúró! Gbin méjì. Mo ti gbọ́. Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Kì í ṣe igi nìkan. Àwọn ewéko wẹ́wẹ́ wà nínú òkun tí àwọn náà ń ṣe é fún wa."

"Inú kí ni?"

"Òkun, Màmá. Omi tó lọ súà, tí a ò rí òpin rẹ̀, tó ń ru, tó ń ṣàn, tó ń ya lu etí—"

"Láìláhà ìlàlọ́ọ̀hù!"

Ìyá Sùmáyà fò dìde. Àpótí ṣubú, àpò èédú kan dà sílẹ̀. Ó já kẹ́tùlù àlùwàlá rẹ̀ gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ, pẹ̀lú irú eré tí adìyẹ náà fi sá fún un.

Oyèlárán dúró sáàárín èédú tó dà sílẹ̀, táì rẹ̀ dúdú, ọkàn rẹ̀ wúwo. "Màmá! Ṣé inú ń bí yín ni? Ṣé mo kùnà? Ẹ kúkú sọ fún mi!"

Ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ pa gbàà. Ohùn Ìyá Sùmáyà jáde látinú rẹ̀:

"Láti ìgbà tí o ti ní kí n di imú ni ìtọ̀ ti ń gbọ̀n mí, mo ní kí n dúró dìgbà tí o bá sú mi kí n tó dìde, o ò sì sú mi! Lọ tú ẹrù rẹ, jàre!"